NMR ní ilé ẹ̀rọ àjùmọ̀lò: 4 mg péré ló wà lọ́wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ewúro_Tútù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Yunifásítì ńlá kan ní Amẹ́ríkà ni mo wà. Ẹ̀ka wa ò ní NMR tiẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ olóòfà ńlá tó ń fi bí átọ́ọ̀mù ṣe so pọ̀ nínú èròjà hàn. Ilé ẹ̀rọ tí gbogbo yunifásítì jọ ń lò la máa ń lọ, wákàtí-wákàtí ni wọ́n sì ń gba owó. Èròjà kan tí mo yọ láti ara ewé ewúro ló wà lọ́wọ́ mi, 4 mg péré. Mo nílò spectrum (àwòrán àmì) proton, ìyẹn ti háídrójìn, àti ti kábọ́ọ̀nù rẹ̀. Kí ló yẹ kí n ṣe kí n tó gbé e débẹ̀? Ṣé kí n gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn kí n máa lo ẹ̀rọ fúnra mi ni, àbí kí n kó o fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn?

Òòfà_Ńlá:
Àbúrò, proton ò ní wàhálà. Bí molecule èròjà yẹn ò bá wúwo ju 500 Da (ìwọ̀n ìwúwo molecule) lọ, 4 mg tó dáadáa. Scan 16 (ìgbà 16 tí ẹ̀rọ á gbọ́ àmì), ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí.

Kábọ́ọ̀nù ló ń jẹ owó. Nínú gbogbo kábọ́ọ̀nù, ¹³C tí ẹ̀rọ lè rí ò ju 1.1% lọ. Bí o bá sì fẹ́ kí àmì ta yọ ní ìlọ́po 2, àfi kí scan di ìlọ́po 4. Ìyẹn ni pé ẹni tó mú 4 mg wá máa lo ìlọ́po 4 àkókò ẹni tó mú 8 mg wá, kí wọ́n tó rí spectrum kan náà.

Nítorí náà, má fi kábọ́ọ̀nù tààrà bẹ̀rẹ̀. Ní kí wọ́n ṣe HSQC àti HMBC fún ọ, ìyẹn ìdánwò NMR méjì tó ń so proton mọ́ kábọ́ọ̀nù. Proton ni méjèèjì fi ń gbọ́ ohùn kábọ́ọ̀nù, ohùn proton sì ròkè ju ti kábọ́ọ̀nù lọ fíìfíì. HSQC á fi kábọ́ọ̀nù tó ní háídrójìn lára hàn. HMBC á mú àwọn tí kò ní wá, bí háídrójìn kan bá ti wà ní bond 2 tàbí 3 sí wọn. Béèrè túúbù 3 mm náà lọ́wọ́ wọn. Solvent (omi tí a fi ń yọ́ èròjà) bíi 0.2 mL ló ń gbà, nígbà tí 5 mm ń gba 0.6 mL. 4 mg kan náà ni, ṣùgbọ́n á ki níwájú probe (apá ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àmì).

Àdùkẹ́_Kẹ́mí:
Gbogbo èyí dúró lórí pé sample mọ́. Wò ó lórí TLC (pẹlẹbẹ tí a fi ń ya èròjà sọ́tọ̀) pẹ̀lú solvent oríṣi méjì, ó kéré tán. Èròjà méjì lè rìn pọ̀ nínú ọ̀kan, kí wọ́n pínyà nínú èkejì.

Fi vacuum gbẹ ẹ́ mọ́jú. Ethyl acetate tó ṣẹ́kù máa ń yọ ní 1.26, 2.05 àti 4.12 ppm (ipò àmì lórí spectrum) nínú CDCl₃, solvent tí wọ́n sábà ń lò fún NMR. Hexane ń yọ ní 0.88 àti 1.26, ibẹ̀ náà sì ni gíríìsì tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìgò máa ń wà. Nínú 50 mg, o lè máà kà wọ́n sí. Nínú 4 mg, àwọn gan-an ló máa bo èròjà rẹ mọ́lẹ̀. Má sì gbé CDCl₃ sínú nǹkan oníke, torí ó máa ń fa phthalate (kẹ́míkà tó ń mú ike rọ̀) jáde lára ike, wàá wá rò pé ewúro ló ni í.

Yọ́ ọ nínú ìgò kékeré, kí o wá sẹ́ ẹ gba inú òwú díẹ̀ tí o kì sọ́rùn Pasteur pipette. Ìdọ̀tí tó ń léfòó máa ń jẹ́ kí peak (àmì lórí spectrum) fẹ̀, irin tàbí bàbà tó bá yọ́ sínú rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí túúbù 5 mm lo bá lò, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó 4 sí 5 cm. Tó bá kúrú jù, shim (títún agbára òòfà ṣe kó dọ́gba) ò ní gún. Má gbẹ túúbù nínú ófùùnù gbígbóná, ó máa ń tẹ̀, èyí tó bá sì tẹ̀ lè fọ́ sínú probe.

Ewúro_Tútù:
Ẹ ṣeun gan-an. CDCl₃ ò yọ́ ọ dáadáa. Ṣé kí n lo DMSO-d₆, solvent mìíràn?

Àdùkẹ́_Kẹ́mí:
Á yọ́ ọ, ṣùgbọ́n 189 °C ló ń hó. Gbígba 4 mg yẹn padà á nira gan-an. Kọ́kọ́ dán solvent CD₃OD wò. Tí CDCl₃ ò bá yọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ saponin irú vernonioside, kó má jẹ́ lactone irú vernodalin; oríṣi èròjà méjì tó wà nínú ewúro nìyẹn. CD₃OD máa ń fi deuterium (háídrójìn tó wúwo, tí spectrum proton kì í fi hàn) rọ́pò háídrójìn OH, nítorí náà wọn ò ní hàn. Solvent pyridine-d₅ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí saponin ń lò. Saponin sì wúwo ju 500 Da lọ, molecule inú 4 mg rẹ á kéré sí i. Sọ fún wọn kí wọ́n fi scan kún un.

Owó_Ìwádìí:
Ní ti owó, má wulẹ̀ nájà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni pé ohun tí iṣẹ́ ń ná ilé ẹ̀rọ nìkan ni kí wọ́n fi iye tí wọ́n ń gbà bò, kí wọ́n má sì fi ojúsàájú sáàárín owó ìwádìí ìjọba àti ti yunifásítì. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò. Ohun tó tọ́ kí o béèrè ni bóyá owó òru wọn dínkù sí ti ọ̀sán. HMBC lè lo gbogbo òru.

Gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún proton, torí wàá máa ṣe é lemọ́lemọ́. Fi 4 mg yìí lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kí o sì bá a sọ̀rọ̀ kí o tó da solvent sí i rárá. Ìgbà gbogbo ni òòfà yẹn ń ṣiṣẹ́, kò ní ìgbà tí wọ́n ń pa á. Fi káàdì ATM, kọ́kọ́rọ́ àti aago sílẹ̀ níta. Ẹni tó bá ní pacemaker (ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso lílù ọkàn) láyà ò gbọdọ̀ kọjá ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ yí òòfà náà ká.

Má gba PDF nìkan. Gba fódà FID (dátà tààrà láti inú ẹ̀rọ), kí o lè tún un ṣe nínú sọ́fúwíà TopSpin, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ará yunifásítì. Bí o bá tẹ àbájáde jáde, dárúkọ ilé ẹ̀rọ náà síbẹ̀. Àkójọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ síwájú NIH (àjọ ìwádìí ìlera Amẹ́ríkà) fún owó S10 àti síwájú NSF (àjọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà) fún owó MRI, owó tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ ìwádìí ni méjèèjì, nígbà tí òòfà bá gbó.