Sípíkà láptọ́ọ̀pù ń ta "pọ́", ó ń kùn, ó tún ń gbọ̀n

Gbohùngbohùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù kan tó ń lo Ubuntu ni. Sípíkà rẹ̀ máa ń ta "pọ́" kí orin tó bẹ̀rẹ̀, á tún ta "pọ́" tí orin bá ti dákẹ́ díẹ̀. Bí mo bá ki ṣájà bọ iná, á máa kùn "hùùùn". Tí mo bá gbé ohùn sókè, báàsì á máa gbọ̀n bíi bébà tó ya. Ṣé kí n kúkú ra sípíkà tuntun ni?

Olówáyà: Ẹ má tíì náwó. Àìsàn mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀ yẹn, oògùn wọn ò jọra. Ẹ fi íápíìsì sí i ná: èyí tẹ́ ẹ bá ṣì ń gbọ́ nínú íápíìsì, ẹ̀bi sípíkà kọ́.

Sáọ̀ǹdù káàdì tó ń sùn tó ń jí ló ń ta "pọ́" yẹn. Linux, tí Ubuntu dúró lé, ló ń pa á kó lè ṣọ́ bátìrì lò. Ẹ ṣí Terminal (ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ), kẹ́ ẹ tẹ:

`echo 0 | sudo tee /sys/module/snd_hda_intel/parameters/power_save`

Tó bá ti dákẹ́, ẹ kọ `options snd_hda_intel power_save=0` sínú fáìlì kan ní `/etc/modprobe.d/`, kí orúkọ rẹ̀ parí sí `.conf`. Láìṣe bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pa á tẹ́ ẹ tún un tàn, ó ti padà sí bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ yọ ṣájà nìkan ló ń padà wá, TLP, ètò kan tó ń ṣọ́ bátìrì lò, ló ń yí i: ẹ sọ `SOUND_POWER_SAVE_ON_BAT` di 0 nínú `/etc/tlp.conf`.

Tọ́ọ̀ṣì: Ti kíkùn yẹn, ẹ yọ ṣájà. Tó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣájà ni kẹ́ ẹ fura sí, pàápàá ayédèrú. Ẹ yá òmíràn tí fóòtì rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu gẹ́lẹ́, tí àmpù rẹ̀ ò sì kéré sí i. Ínfátà tí kì í ṣe pure sine wave (irú tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA) náà máa ń dá kún un, torí náà ẹ dán an wò lórí iná NEPA. Tí kò bá dákẹ́, ẹ tẹ `alsamixer` (ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe) sí Terminal, ẹ tẹ F6 kẹ́ ẹ mú káàdì, kẹ́ ẹ wá fi M pa Mic àti Beep.

Gbohùngbohùn: Ẹ ṣeun. "Pọ́" ti lọ, ṣájà míì náà ti pa kíkùn. Ó ku gbígbọ̀n. Kò sí i nínú íápíìsì.

Olówáyà: Ṣé ohùn ò kọjá 100% ní Settings? Ibẹ̀ ni sọ́fítíwíà ti ń fipá gbé e, ohùn lè ya. Ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ tẹ:

`speaker-test -c 2 -t sine -f 200`

Á máa lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ctrl+C ló ń dá a dúró. Ẹ yí 200 (Hz, ìyẹn bí ohùn ṣe nípọn tàbí ṣe tínrín tó) sí 150, 300, 400, títí ẹ ó fi bá ibi tó ti ń gbọ̀n. Bó ṣe ń dún, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ara láptọ́ọ̀pù. Tó bá dákẹ́, skúrù ló tú tàbí rọ́bà kékeré abẹ́ sípíkà ló jábọ́. Tí kò bá dákẹ́, ẹ tú u, àmọ́ ẹ yọ wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Eruku irin máa ń lẹ̀ mọ́ ojú sípíkà nítorí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀: sẹ́lótéèpù ni kẹ́ ẹ fi kó o, ẹ má fi abẹ́rẹ́ họ ọ́. Tí etí rẹ̀ bá ti ya, gọ́ọ̀mù kì í pẹ́. Ẹ ra méjèèjì pọ̀, kí Ω (ohm, ìdènà iná) wọn bá èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ti àtijọ́ mu. Tó bá kéré sí i, ó lè jó ámpílífáyà.