Lẹ́tà ìdárúkọ ni, kì í ṣe oríkì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé, bí a bá ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, kí a máa pe àwọn lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà ń jẹ́ ("call sign") ní "oríkì rédíò", kí rédíò inú eré sì di "rédíò ayédèrú". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo KACL, rédíò tí Frasier ti ń ṣiṣẹ́ nínú eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Seattle ni wọ́n gbé e sí, ní ìwọ̀-oòrùn odò Mississippi, níbi tí K ti máa ń ṣíwájú. W ni ti ìlà-oòrùn, ìdí nìyẹn tí rédíò inú eré 1978 tó wà ní Cincinnati fi jẹ́ WKRP. K àti W yìí dà bí ilà ojú láyé àtijọ́: bí o bá ti rí i, o ti mọ apá ibi tí olúwarẹ̀ ti wá. (KDKA ti Pittsburgh yà kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n ara àwọn àgbà ni, láti 1920.) A, C àti L wá láti ara orúkọ àwọn tó dá eré náà sílẹ̀: Angell, Casey àti Lee. Oríkì dà níbẹ̀? Oríkì a máa mú orí ẹni wú. KRP, bí a bá pè é pọ̀, bí èébú Òyìnbó ló ń dún! WLS ti Chicago nìkan ni mo lè gbà pé ó sún mọ́ oríkì, torí Sears tó dá a sílẹ̀ ní 1924 fi ń yangàn pé ṣọ́ọ̀bù àwọn ló tóbi jù láyé, "World's Largest Store".

Ní ti ayédèrú, ayédèrú oògùn wà, ayédèrú náírà wà; ẹni tó ṣe wọ́n fẹ́ tan wá jẹ ni. Ta ni KACL tàn jẹ? "Rédíò àròsọ" ló tọ́ sí i.

"Àmì ìpè" tí àwọn kan ń lò náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ń pe ta? Òfin Amẹ́ríkà ní kí rédíò máa sọ lẹ́tà rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Mo ṣàlàyé èyí fún màmá mi, tí wọ́n ṣì ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọ́n yí ohùn rédíò tiwọn wálẹ̀, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: "Ó ń dárúkọ ara rẹ̀ nìyẹn, àbí kí ló tún kù?"

Ibẹ̀ ni mo ti mú "lẹ́tà ìdárúkọ". Bí àwọn àgbà ṣe rí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì náà nìyẹn: wọ́n wo iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.