Re: Ẹ má jẹ́ ká sọ ibi ọmọ di àkàrà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá pé "ibi", ìyẹn ohun tó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde nígbà ìbímọ, kò yẹ nínú ìwé báyọ́lọ́jì torí ó jọ ibi tó jẹ́ aburú, pé ká máa pè é ní "àkàrà oyún" bí àwọn òyìnbó ṣe ń pe placenta. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ mi ò lè gbà á.

Òótọ́ ni pé oúnjẹ pẹlẹbẹ kan bíi kéèkì ni placenta ní èdè Látìnì. Realdo Colombo ará Ítálì ló fi orúkọ yẹn pè é ní 1559, torí pé ó rí pẹlẹbẹ, ó rí róbótó. Bó ṣe rí lójú lòun wò. Àwa ńkọ́? Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, àwọn ìyá àgbà tó ń sin ọmọ wọn wá máa ń bi wá pé "ìkejì ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti bọ́?" Ìkejì ọmọ! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Ẹyin kan náà tó gba àtọ̀ ni ọmọ àti ibi ti jáde, apá kan di ọmọ, apá kan lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ ó di ibi, torí náà èyí tó pọ̀ jù lára ibi, ti ọmọ ni, kì í ṣe ti ìyá. Àwọn ìyá wa ò ní maikirosíkóòpù o, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ṣì bá a mu.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò tiẹ̀ jọ ti àkàrà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í pò pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ oúnjẹ àti atẹ́gùn ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ìdọ̀tí ń padà sọ́dọ̀ ìyá, òun ni ẹ̀dọ̀fóró òun ni kíndìnrín ọmọ títí ó fi máa ké. Họ́mónù tí tẹ́ẹ̀sì oyún ń wá nínú ìtọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ti ń wá. Àwọn ọmọ ogun ara ìyá tó ń gbógun ti àrùn ń gba ibẹ̀ kọjá, ọtí àti sìgá náà sì ń kọjá, ká má parọ́.

Ti aburú tí ẹ sọ yẹn, "ibi tí a wà" náà ńkọ́? Bákan náà la ṣe ń pè é, kò sẹ́ni tó ń sá fún un.

Ẹni tó bá sọ pé ìwọ́ náà ni ibi, rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ́ ni okùn tó so ọmọ mọ́ ibi, èyí tó kù lára ọmọ máa ń gbẹ, á já bọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ibi ní tiẹ̀ máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín 30 ìṣẹ́jú, òun làwọn ẹbí máa ń gbà lọ́wọ́ wa lọ rì mọ́lẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Tí ibi bá há, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya lára ìyá ọmọ. Tí mo bá jáde sọ fún ìyá ọkọ pé "mama, ibi ò tíì bọ́ o", wọn ò ní bi mí ní ìbéèrè kankan, wọ́n ti dìde nìyẹn, wọ́n ti ń pe ọmọkùnrin wọn pé kó máa bọ̀ wá fún wa lẹ́jẹ̀. Tí mo bá ní "àkàrà oyún ò tíì jáde" ńkọ́? Wọ́n á kọ́kọ́ máa wojú mi.

Ohun tó yẹ ká wá orúkọ fún ni ibi ọmọ tó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ tí ọmọ ò fi ní rí ọ̀nà gbà jáde. Mo dábàá "ibi adènà". Ta ló ní èyí tó dáa jù ú lọ?