Píkọ́ọ̀pù bàbá mi ń jẹ ọ́ìlì: ṣé kí n pààrọ̀ ríìngì nìkan, àbí kí n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Píkọ́ọ̀pù kan wà lọ́wọ́ mi tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróò ni, sílíńdà mẹ́rin, oníkábúrétọ̀. Ó ti rìn kọjá 300,000 kìlómítà, ẹnikẹ́ni ò sì tú ẹ́ńjìnnì náà rí. Láti bí oṣù mẹ́ta ló ti ń jẹ ọ́ìlì: lítà kan kì í gbé mi ju 800 kìlómítà lọ mọ́. Bí mo bá gbé ẹrù gun òkè, èéfín búlúù á bo ẹ̀yìn mi. Òkè tí mo ń fi gíà kẹta gùn tẹ́lẹ̀, gíà kejì ni mo fi ń gùn ún báyìí.

Mẹkáníìkì mi ní ká kàn pààrọ̀ ríìngì, ìyẹn òrùka irin tó yí pístọ̀n ká nínú sílíńdà, ọjọ́ méjì péré. Ẹlòmíràn ní kí n wá ẹ́ńjìnnì àlòkù gbé sí i. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Atúnkọ̀ṣe:
Àbúrò, má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bọ́ọ̀tì kankan. Èéfín máa ń sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Búlúù tó bá jáde nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sitáàtì, tó sì pòórá, síìlì fáàfù, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, ló sábà máa ń fà á, torí ọ́ìlì ti ro gba ibẹ̀ wọ sílíńdà mọ́jú. Èyí tó ń jáde nígbà tí o bá tẹná lábẹ́ ẹrù, ríìngì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n ìfura lásán nìyẹn.

Wá gééjì kọ́mprẹ́ṣọ̀n, èyí tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí bátìrì kún dáadáa. Tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má ta, kí ẹnì kan tẹná délẹ̀, kó wá fi kọ́kọ́rọ́ yí i títí gééjì ò fi ní gòkè mọ́. Kọ iye sílíńdà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tó bá wá sí ìsàlẹ̀ 100 psi (ìwọ̀n tí gééjì fi ń ka agbára ìtì) ti rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú èyí tó kéré, kí o tún un wọ̀n. Bí iye rẹ̀ bá fò sókè, ríìngì tàbí ògiri sílíńdà ló ti jẹ, ọ́ìlì yẹn ló dí àlàfo náà fúngbà díẹ̀. Bí kò bá mira, fáàfù ni. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ pa pọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ni kí o yẹ̀ wò.

Ìyá Awakọ̀:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ yẹ PCV valve náà wò, fáàfù kékeré tí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Bó bá dí, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ò ríbi gbà, ọ́ìlì ni yóò máa tì jáde. Mo mọ ẹni tó tú odindi ẹ́ńjìnnì nítorí ohun tí ì bá fọ̀ ní ìdajì wákàtí. Inú bí mi fún un.

Ẹ tún so gééjì ọ́ìlì gidi mọ́ ọn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó bá gbóná, ó yẹ kó ní bíi 10 psi fún 1,000 ìyípo kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bẹ́rìn-ín ìsàlẹ̀, tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí nínú rẹ̀, náà ti jẹ, ríìngì ò sì lè wo ìyẹn sàn.

Ọmọ Ọ̀nà Jíjìn:
Ní tèmi, àlòkù ló yá jù. Èmi gbé e sí tèmi, mo sì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Atúnkọ̀ṣe:
Kò burú, bí o bá wọn kọ́mprẹ́ṣọ̀n àlòkù náà kí o tó sanwó. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àìsàn ẹlòmíràn lo rà.

Ẹni tó béèrè:
Mo ti wọ̀n ọ́n. Sílíńdà kìíní 145, ìkejì 90, ìkẹta 140, ìkẹrin 105. Lẹ́yìn ọ́ìlì, ìkejì gòkè dé 130. Ìkẹrin ò kúrò níbi tó wà. PCV mọ́. Ọ́ìlì ní 22 psi ní 2,000 ìyípo. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí 90 yẹn.

Atúnkọ̀ṣe:
Má bọkàn jẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì dára. Àìsàn méjì ló wà níbẹ̀: fáàfù ní ìkẹrin, ríìngì tàbí ògiri ní ìkejì. Orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣí. Bó bá ti ṣí, fi èékánná wọ́ ògiri sílíńdà láti òkè. Bó bá kọ́ ọ lọ́wọ́ bí àtẹ̀gùn, ògiri ti jẹ nìyẹn. Òkè níbẹ̀ ló máa ń jẹ jù, torí ibẹ̀ ni iná ti ń jó tí ọ́ìlì ò sì pọ̀. Ihò náà á fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, á sì fẹ́ dà bí ẹyin. Ríìngì tuntun kò lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn sì lè ṣẹ́ ẹ. Ìdí tí mi ò fi fara mọ́ ọjọ́ méjì mẹkáníìkì rẹ nìyẹn.

Jẹ́ kí wọ́n wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ní ìbú méjèèjì, kí wọ́n fi wé ìwé ọkọ̀ náà. Bó bá kọjá ààlà, kí wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ̀ sí i, 0.50 mm tàbí bó bá ṣe gbà. Ra pístọ̀n ná kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, kí agbẹ́rin, ẹni tó ń gbẹ́ ihò náà, wọn pístọ̀n gan-an. Sàmì sí ìdérí kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so pístọ̀n mọ́ ìsàlẹ̀) kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má gba ipò ara wọn.

Ìyá Awakọ̀:
Lẹ́yìn gbígbẹ́, ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí ẹ fi fọ sílíńdà, kì í ṣe pẹtiróò. Pẹtiróò ò lè kó lẹ́búlẹ́bú òkúta inú ojú irin kúrò. Ẹ fi aṣọ funfun nù ún títí kò fi ní dọ̀tí mọ́, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á kíá kó má dípẹtà. Bó bá sì ti jí, ẹ má fi sílẹ̀ kó máa dúró jó. Ẹ wà á, ẹ máa yí eré rẹ̀ padà, kò sí ẹrù tó wúwo, kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ ní bíi 800 kìlómítà.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. A máa ṣí orí rẹ̀ lọ́la. Màá ya fọ́tò ògiri ìkejì wá fún yín.