Ìtàn aláwòrán àkọ́kọ́: ohun tó yẹ kí òǹkọ̀wé àti ayàwòrán jọ mọ̀ kí yíǹkì tó kan ìwé

Òǹkọ̀wé, Ìbàdàn

Ẹ má fi ìtàn olójú ewé 200 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ yìí, olójú ewé 8 ni kó kọ́kọ́ ṣe, kó parí ẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wò. Ká ní ayàwòrán ń gba ₦15,000 lórí ojú ewé kan, pẹ́ńsù àti yíǹkì nìkan. Ojú ewé 8 di ₦120,000. Ojú ewé 200 di ₦3,000,000, a ò sì tíì kan ẹni tó máa kun àwọ̀, ẹni tó máa to ọ̀rọ̀ sí i, àti atẹ̀wé. Àkókò ńkọ́? Ayàwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè parí ojú ewé kan lóòjọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì. Kó tó yà dé ìdajì ìwé ńlá bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀, akọni yín á wá dà bí ẹlòmíì.

Nínú script, ìyẹn ìwé tí òǹkọ̀wé fi ń sọ ohun tí ayàwòrán máa yà, ẹ jẹ́ kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lórí tákàdá tirẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà sí àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ibi tá a wà, àkókò, ẹni tó wà níbẹ̀ àti ìhà tó wà, ohun tó ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ ẹnu tó tẹ̀ lé e. Bí èyí:

OJÚ EWÉ 4, ÀPÓTÍ 2. Inú yàrá, òru, fìtílà kan ṣoṣo ló ń jó. Àbẹ̀kẹ́ wà lápá òsì, ó kúnlẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ ibùsùn. A ò rí ojú rẹ̀.
ÀBẸ̀KẸ́: Ta ló wà níbẹ̀?

Àpótí 4 sí 6 ló wọ́pọ̀ lójú ewé kan. Bó bá jẹ́ ìjà, 3 ti tó. Àpótí kan, ìṣe kan. "Àkànbí dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó fìbínú jáde" kò lè wọ àpótí kan láé. Mẹ́ta nìyẹn, tàbí kí ẹ mú èyí tó ṣe pàtàkì jù kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni kó wà lápá òsì, torí apá òsì la ti ń kàwé bọ̀. Bí ẹ bá fi í sápá ọ̀tún, ìrù àwọn balloon, àpò funfun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń wà nínú ẹ̀, á gba orí ara wọn kọjá, òǹkàwé á sì ka ìdáhùn ṣáájú ìbéèrè.

Ohun kan tí àwọn tuntun kì í kíyè sí ni ìgbà tí òǹkàwé ń ṣí ìwé. Ojú ewé 1 wà lápá ọ̀tún. 2 àti 3 kọjú síra wọn. Nítorí náà, ohun ìyàlẹ́nu gbọ́dọ̀ wà lójú ewé tí nọ́ńbà rẹ̀ pín sí méjì dọ́gba: 2, 4, 6. Bí ẹ bá fi òkú ọba sí ojú ewé 5, òǹkàwé ti rí i nígbà tó ṣì ń ka 4. Àwòrán tó bá máa gba ojú ewé méjì pọ̀ náà, 2 tàbí 4 ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lórí fóònù, èyí ò kàn yín, torí wíwọ́ ni wọ́n ń wọ́ ọ wálẹ̀.

Ayàwòrán, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n gbè é lẹ́sẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwa tá à ń yà á.

Ẹ má fi àwòrán ẹyọ kan tó dán lórí Instagram yan ayàwòrán. Ẹni tó lè ya akọni kan tó dúró gbọin pẹ̀lú idà lọ́wọ́ lè má lè ya ẹni náà níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà. Ẹ ní kó fi ojú ewé mẹ́ta tó tẹ̀ léra hàn yín. Ẹ wo ọwọ́ àti ìka. Ẹ wò ó bóyá ojú ẹnì kan náà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti níwájú, àti bóyá ilé tó wà lẹ́yìn wọn ò parẹ́ lẹ́yìn àpótí àkọ́kọ́. Bí ìtàn yín bá ní ẹṣin, ẹ béèrè ẹṣin. Kò sóhun tó ń tú àṣírí ayàwòrán tó ẹṣin.

Kí ojú ewé 1 tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ya olúkúlùkù ẹ̀dá ìtàn sórí ìwé kan: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, àti bí ẹni kan ṣe ga sí èkejì. Bí ẹni náà bá kọlà, ẹ dárúkọ ilà. "Ó ní ilà lójú" kò tó. Pélé ń dúró lóòró lẹ́rẹ̀kẹ́, àbàjà ń dùbúlẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, pélé lójú ewé 2 á di àbàjà lójú ewé 6, àwọn àgbà tó bá kà á á sì rí i kíá.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ilé àti aṣọ. Òǹkọ̀wé á kọ "ààfin Ọ̀yọ́-Ilé" kó sì dákẹ́. Ayàwòrán á lọ wá fọ́tò ààfin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á rí òrùlé páànù, á yà á. Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro ní nǹkan bí ọdún 1830 sókè, kí páànù tó di òrùlé ilẹ̀ Yorùbá; koríko ló wà lórí ilé níbẹ̀. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni láti wá fọ́tò àti ìwé, kó kó wọn sínú fódà kan lórí Google Drive, kó kọ nọ́ńbà àpótí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Fọ́tò mẹ́wàá tó bá a mu sàn ju àlàyé ojú ewé méjì lọ.

Lórí àtúnṣe: ìpele mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni thumbnail, àwòrán kékeré bíi ti páálí ìṣáná, tó ń fi ibi tí nǹkan wà hàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jà, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ fi sí àdéhùn níbẹ̀. Tó bá kan pẹ́ńsù, ẹ̀ẹ̀kan. Tí yíǹkì bá ti kàn án, àfi ohun tó ta ko script nìkan. Òǹkọ̀wé tó wo thumbnail tó ní "ó dáa" láìwò ó dáadáa, tó wá ń sọ lẹ́yìn yíǹkì pé òun fẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó, ojú ewé tuntun ló ń béèrè, kó sanwó rẹ̀.

Ẹ má sì gba iṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò. Yóò fún un pọ̀, ìlà á fọ́. Ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ bíi Document, tàbí kó gbé e sí Drive.

Olóòtú, Èkó

Ẹ ò tíì kan ìwé àdéhùn, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ẹni tẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, òun ló ni ẹ̀tọ́ àwòrán tó yà àyàfi tí ìwé tẹ́ ẹ jọ kọ bá sọ ohun mìíràn. Owó tẹ́ ẹ san kò gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè sọ ìtàn tẹ́ ẹ kọ di tirẹ̀. Nítorí náà, láìsí ìwé, ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì ò lè tẹ ìwé náà láìsí èkejì.

Ojú ewé kan ṣoṣo tó fún àdéhùn. Kó sọ iye ojú ewé, iye owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí apá kọ̀ọ̀kan máa dé, iye àtúnṣe, ẹni tó ni ẹ̀dá ìtàn, ẹni tó ni bébà tí wọ́n fọwọ́ yà á sí, bóyá ayàwòrán lè gbé e sórí ìkànnì tirẹ̀, ibi tí orúkọ olúkúlùkù máa wà lára ìwé, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Sísan owó: ẹ má san gbogbo ẹ̀ tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì dì í mú títí dé òpin. Fún olójú ewé 8, ìdá kan nínú mẹ́rin owó níbẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́yìn thumbnail, ìyókù lẹ́yìn ojú ewé mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn tí ò lówó tó ń sọ pé "a óò pín èrè", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrè lẹ́yìn yíyọ kí ni? Títẹ̀? Ọkọ̀ tó kó o? Àga tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì ní ibi ìpàtẹ? Bí ẹ ò bá dárúkọ wọn, gbogbo wọn ni yóò wọlé.

Lórí Kickstarter, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń dáwó fún iṣẹ́ tí ò tíì jáde: kò gba oníṣẹ́ tó ń gbé Nàìjíríà láti kó owó jọ níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ní alábàáṣepọ̀ tó ń gbé níbi tí wọ́n ti gbà á, bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, orúkọ àti àkáǹtì onítọ̀hún ni owó sì máa gbà wọlé. Àdéhùn òun náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Ẹni tó ń to ọ̀rọ̀

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó kan ọ̀rọ̀ inú balloon. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì tó rẹwà ò ní ẹ, ọ, ṣ. Àwọn tó gba èdè Vietnam ní Ẹ àti Ọ, ẹ ó rò pé ẹ ti bọ́, Ṣ ló máa wá dà yín láàmú. Yàtọ̀ síyẹn, Ẹ́ àti Ọ̀ kì í ṣe lẹ́tà ẹyọ kan nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀: lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ni, tí a wá gbé àmì ohùn lé lórí. Bí fọ́ǹtì ò bá mọ ibi tó yẹ kí àmì náà dúró sí, á lọ rọ̀ mọ́ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó ra fọ́ǹtì kankan, ẹ fi ìlà yìí dán an wò, lẹ́tà ńlá àti kékeré: Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ Ń Ǹ ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ. Bí lẹ́tà kan bá yí padà tó dà bí ti ìwé ìròyìn, fọ́ǹtì mìíràn ni kọ̀ǹpútà lọ yá a. Fọ́ǹtì tó ń jẹ́ Andika ń gbé gbogbo wọn dáadáa. Kò jọ ti kọ́míìkì púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Lẹ́tà ńlá ni kọ́míìkì sábà máa ń lò. Tiwa ní àmì lórí àti nísàlẹ̀. Bí ìlà bá sún mọ́ra bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, àmì abẹ́ Ọ á kan àmì orí Á tó wà ní ìlà kejì. Lẹ́tà tó jẹ́ 8 pt (pt ni òṣùwọ̀n ìtóbi lẹ́tà), ẹ fún un ní 11 pt láàárín ìlà sí ìlà. Ìyẹn ni pé balloon Yorùbá máa ń ga ju ti Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkọ̀wé, ẹ má kọjá ọ̀rọ̀ 20 sí 25 nínú balloon kan, ayàwòrán, ẹ fi òkè àpótí sílẹ̀ fún mi. Orí akọni tó kan òkè àpótí ni mo máa fi ọ̀rọ̀ bò, kò sí ibòmíràn.

Ìró bíi GBÌÌ, ṢÀÀ, GBÀGÀ, ẹ jẹ́ kí ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ yà á mọ́ àwòrán. Fọ́ǹtì ò lè ṣubú lulẹ̀ bí GBÌÌ ṣe ń ṣubú.

Òǹkọ̀wé, Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, ètò kọ̀ǹpútà wo lẹ máa dámọ̀ràn fún ẹni tí ò lówó láti san fún ti Adobe?

Ẹni tó ń to ọ̀rọ̀

Ẹ yà á nínú Krita, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má to ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ti orí fóònù, ẹ to ọ̀rọ̀ nínú Inkscape. Tó bá jẹ́ títẹ̀, Scribus, torí ó lè fi ọ̀rọ̀ sí yíǹkì dúdú (K) nìkan ní 100%. Bí dúdú ọ̀rọ̀ bá di àpapọ̀ àwọ̀ mẹ́rin, tí bébà yẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, lẹ́tà á ní òjìji pupa àti búlúù. Fún Webtoon, ìkànnì tí wọ́n ti ń ka ìtàn aláwòrán lórí fóònù, ẹ gé àwòrán sí píksẹ́lì 800 ní fífẹ̀, 1280 ní gíga.

Atẹ̀wé, Ṣómólú

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ gbọ́ tiwa náà. Ìwé tá a fi píìnì gún láàárín, iye ojú ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ pín sí mẹ́rin. Ẹ máa ń gbé 22 wá, a óò fi méjì òfìfo kún un, ẹ ó wá bínú. Ìwé A5 olójú ewé 24 jẹ́ bébà A4 mẹ́fà, tẹ̀yìn tiwájú, pẹ̀lú ọ̀kan fún èèpo.

A5 jẹ́ mílímítà 148 sí 210. Ẹ fi mílímítà 3 kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí àwòrán kọjá ibi tá a máa gé, kí ọ̀rọ̀ kankan má sì sún mọ́ ibi gígé ju 7 lọ. Kó jẹ́ 300 dpi (iye àmì tó wà nínú ínǹṣì kan) láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè fẹ àwòrán 72 tó máa mọ́. Àti CMYK, àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò: búlúù tó ń tàn àti àwọ̀ ewé tó ń dán lórí fóònù máa ń kú lórí bébà, kì í ṣe ẹ̀rọ wa ló bà á jẹ́.

Bébà bond 100 g tó fún inú ìwé dúdú-àti-funfun. Bó bá jẹ́ aláwọ̀, ẹ mú gloss 135 g, kí èèpo jẹ́ art card 250 g, ká fi nylon bò ó. Ìwé 50 sí 100, ẹ̀rọ dìjítà ni. Tó bá ti di ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún, owó plate, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ńlá fi ń tẹ̀wé, á ti pín kárí, ẹ bọ́ sórí ẹ̀rọ ńlá. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ san owó ẹ̀dà kan ṣáájú, kí ẹ kà á lójú ọ̀sán lórí bébà gan-an tá a máa lò, kí ẹ buwọ́ lù ú. Tí ẹ bá ti buwọ́ lù ú, àṣìkọ lójú ewé 9 ti di tiyín.

Olóòtú, Èkó

Mo gbàgbé: National Library of Nigeria ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Bí ìwé yín yóò bá máa jáde léraléra lábẹ́ orúkọ kan, ISSN, nọ́ńbà ti ìwé àtìgbàdégbà, ni kí ẹ béèrè. Ẹ gbà á kí ẹ tó fi èèpo ránṣẹ́ sí Ṣómólú, torí nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìwé, kí ẹ sì ya ẹ̀dà mẹ́ta sọ́tọ̀ tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe sọ.