Kíka àwọn awakọ̀ tó ń lo fóònù: ibo la ó dúró sí, mọ́tò mélòó la ó kà?

Arìnnà
Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ mọ bí àwọn awakọ̀ ṣe ń lo fóònù tó ní agbègbè Mókọ́lá, n'Íbàdàn. Ibo ni ká dúró sí? Mọ́tò mélòó ló máa tó? Àbí ká kúkú bi àwọn dírẹ́bà léèrè?

Bàbá Títì
Ẹ má bi wọ́n. Ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń rúfin? Ojú ni kẹ́ ẹ fi kà.

Ọwọ́ òsì ni sìtíárì wà nílùú wa, torí náà pèpéle àárín títì ni kẹ́ ẹ dúró sí. Tẹ́ ẹ bá dúró létí gọ́tà, ẹni tó jókòó níwájú ló máa dí yín lójú. Kẹ́ ẹ jẹ́ méjì: ọ̀kan ń wò, ó ń pe kóòdù, èkejì ń kọ. E: fóònù wà létí. T: ó ń tẹ̀ ẹ́. O: kò sí. D: gíláàsì dúdú, a ò rínú. Ẹ má kọ D mọ́ O láéláé, ibẹ̀ ni iye ti ń dín kù láìnídìí.

Ẹ má ṣa mọ́tò o! Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Tí akọ̀wé bá ti kọ tán, mọ́tò tó bá kọ́kọ́ kọjá ìlà ló kàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó gbé fóònù sétí nìkan lojú yóò máa wá.

Ìyá Ìṣirò
NHTSA, àjọ ààbò ojú títì ní Amẹ́ríkà náà, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń kà. Lọ́dún 2012, ìdá 5 nínú 100 awakọ̀ ni wọ́n rí tí fóònù wà létí wọn lọ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá retí irú iye yẹn, tí ẹ ò fẹ́ kó fi ju ìdá 1 yẹ̀: 1.96² × 0.05 × 0.95 ÷ 0.01², ó di mọ́tò 1,825 (1.96 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń lò fún ìdánilójú ìdá 95 nínú 100). Ṣùgbọ́n mọ́tò ojú kan náà, wákàtí kan náà, máa ń jọra. Mo máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí n sì pín in sí oríta púpọ̀. Mókọ́lá nìkan ò tó.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí awòye méjì wo 100 mọ́tò kan náà. Tí kálukú bá rí fóònù 5, tó sì jẹ́ pé 2 péré ni wọ́n jọ rí, wọ́n fẹnu kò lórí 94. Ó dà bíi pé ó dáa, àbí? Kappa rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ìfẹnukò tó ti yọ ti èèṣì kúrò, ò ju 0.37 lọ; 1 ni ìfẹnukò pátápátá. Ẹ tún wọn kọ́.

Arìnnà
Àwọn tí iná pupa dá dúró ńkọ́?

Bàbá Títì
Ojú ewé tiwọn lọ́tọ̀. Bí iná bá ti pọ́n ni ọ̀pọ̀ ń fa fóònù yọ. Tó bá sì wà lórí itan, orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ lẹ ti lè rí i. Awakọ̀ tó kàn tẹrí ba, O ni.