Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń fọ ìfun àti ṣàkì tí ò fi ní rùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo níbí ni mo wà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá kí wa ní Sọ́ńdè, bàbá mi sì ní dandan ni kí n fi oríṣìíríṣìí se ọbẹ̀ àmàlà, torí lójú tiwọn ẹran lásán kì í ṣe oúnjẹ àlejò. Àmọ́ nígbà tó wá léṣìí, bó ṣe rí ṣàkì tó rí háríhárí bíi tówẹ́ẹ̀lì nínú abọ́ báyìí ló dìde tó lọ bì, ojú ti màmá mi gan-an. Mo ti ra ìfun lọ́jà Ìgbọ̀nà, mo yí inú ẹ̀ síta, mo fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, òórùn yẹn ṣì wà níka mi. Ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ ni àbí álọ́ọ̀mù? Ṣé kí n da omi àkọ́kọ́ tí mo bá fi bọ̀ ọ́ nù?